Ahọ́n Babátúndé

Bàbá mi ọ̀wọ́n, onísùúrù èèyàn,

Mo kí yín láti Sango. Mo mọ̀ pé àwọn ará ilé wa ti fẹnu kò sí i pé ẹ ti padà wá, pé ẹ̀yin gan-an ni ọmọkùnrin tó jókòó sórí ẹní lẹ́yìn mi yìí, tó ń fi bàtà mi kan ṣe mọ́tò, tó sì ń fi ìkejì ṣe èrò inú ọkọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé iwájú ẹni tí mò ń kọ̀wé sí ni mo ti ń kọ ọ́. Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ náà. Ọ̀rọ̀ wà tí èèyàn kò lè bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin sọ, ìbáà jẹ́ baba ẹni ló padà wá.

Ẹ ò bá Sáàpù láyé. Orúkọ tí a ń pe ọ̀wọ́n gógó tó dé bá wa nìyẹn. Ìjọba ló mú un wá, wọ́n ní yóò tún ọrọ̀ ajé ṣe. Ní Sango níbí, ohun tí a rí nínú rẹ̀ ni pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kùn tọ̀sán-tòru tẹ́lẹ̀ ti ń sinmi láàárín ọ̀sẹ̀. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì tí ẹ gbàdúrà lé mi lórí kí n tó wọ̀ ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn, àmọ́ ìyẹ̀fun ti ṣọ̀wọ́n. Bí a bá ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, a lè jókòó sílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin tí a jọ ń di bisikíìtì sínú páálí ti kó ẹrù wọn padà sí Òṣogbo. Èmi ṣì wà níbẹ̀. Àna yín náà ṣì wà ní ilé iṣẹ́ irin. Ariwo ẹ̀rọ ti ń di etí rẹ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á máa bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lódìkejì odò. Yàrá kan là ń gbé ní Jójú. Nǹkan kò rọrùn, àmọ́ a kì í sùn lébi, mo sì ní ìròyìn tí yóò dùn mọ́ yín.

Ìròyìn ọmọ yìí ni. Kò tíì pé ọdún tí ẹ lọ tí mo fi bí i. Àwọn ará ilé ọkọ mi sọ ọ́ ní orúkọ tiwọn, àwa sọ ọ́ ní Babátúndé, tiwa ló sì mọ́ ọn lára. Ó ní iwájú orí yín tó yọ síta. Ó ní ìka ẹsẹ̀ yín kékeré tó gun èkejì rẹ̀. Ó tètè rìn, ó tètè hu eyín. Ẹnu nìkan ló pẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì wá dé, ó dé bí ẹni tó la igbó ẹlẹ́gùn-ún kọjá, gbogbo aṣọ ara rẹ̀ ló ti fà ya.

Gàrí di dàyí. Kẹ̀kẹ́ di tẹ̀tẹ́. Bó bá fẹ́ mu gbogbo ẹ̀kọ inú ife, á ní òun fẹ́ mu bobo ẹ̀tọ. Bó bá fẹ́ kí àgbà láàárọ̀, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní “Ẹ táàáyọ̀”, àgbà náà á sì wò mí bí ẹni tó ń wá ògbufọ̀. Èmi fúnra mi kì í gbọ́ ju ìdajì lọ nígbà náà. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló máa ń pè gaara, Babátúndé, láìsí àbùkù kankan, bí ẹni tó fẹ́ ká mọ̀ pé òun lè sọ̀rọ̀ bó bá wu òun.

Obìnrin kan wà tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, Ìyá Ṣèyí. Èèyàn dáadáa ni. Nígbà tí ibà dá mi gúnlẹ̀, òun ló ń bá mi fọ aṣọ. Àmọ́ Ṣèyí ọmọ rẹ̀ àti Babátúndé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́, Ṣèyí sì ti ń kọrin, ó ti ń purọ́, ó ti ń bú èèyàn. Ní ọjọ́ kan tí a ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé, Babátúndé wá sọ ohun kan fún mi, n kò gbọ́. Ó tún un sọ, n kò gbọ́ síbẹ̀. Ìyá Ṣèyí bú sẹ́rìn-ín.

“Baba tó tún dé yìí,” ó ní, “ṣé ọ̀run ló gbàgbé ahọ́n sí ni?”

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ń fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi títí ó fi kù díẹ̀ kó ya.

Bàbá mi, ṣé ẹ gbàgbé nǹkan sí ọ̀hún ni? Àbí èmi náà pẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀? Ṣé mo pe gàrí ní dàyí rí? Màmá ti ṣáájú yín lọ, kò sì sí ẹni tó kù nílé tó lè sọ fún mi irú ẹnu tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ṣọ́ọ̀bù yín ní Abẹ́òkúta, lábẹ́ igi ọ̀dán, níbi tí ẹ ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ọkùnrin adẹ́mu kan wà tó máa ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá láti oko, akólòlò ni. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àwa ọmọ á ti mọ ibi tó ń lọ, ẹnu á máa yún wa láti bá a parí rẹ̀. Ẹ kì í gbà. Ẹ á gbé sípánà sílẹ̀, ẹ á mú àkísà, ẹ á máa fi nu ìka yín lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọkùnrin náà á fi sọ tirẹ̀ tán. Ẹ kì í tẹjú mọ́ ọn, ẹ kì í sì í mi ẹsẹ̀. Gbogbo oníbàárà yòókù á dúró. N kò mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀kọ́ ni ẹ ń kọ́ mi.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń lọ sópin ni ìyá ọkọ mi dé láti Ọ̀yọ́. Gbogbo ilé ń pè wọ́n ní Ìyá Ọ̀yọ́. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà kọjá sísọ. “Ọkọ mi” ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n fi pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Ìyàwó,” wọ́n ní, “kí ló se ọmọ yìí lẹ́nu? Sé o ò rí i pé kò sọ nǹkan kan tó yé èèyàn?”

Ẹ mọ bí àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ṣíbí kò sí lẹ́nu wọn, síbí ni. Iṣẹ́ kò sí, isẹ́ ni. Síbí náà sì ni ti Babátúndé. Ẹ̀rín gbọ̀n mí nínú, àmọ́ mo gbé e mì, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ìyá, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀.”

Díẹ̀díẹ̀ kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ní ọmọ tí kò bá tètè sọ̀rọ̀, inú agogo ni wọ́n ti ń fún un lómi mu. Wọ́n lọ yá agogo lọ́wọ́ ìjọ Aládùúrà tó wà ní òpópónà wa, wọ́n yí ẹnu rẹ̀ sókè, wọ́n bu omi sí i. Babátúndé mu ún, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó mu ún tán, ó gba agogo náà lọ́wọ́ wọn, ó lù ú yí gbogbo ilé ká, títí ọkùnrin kan tó ṣe iṣẹ́ òru, tó ń sùn lọ́wọ́, fi jáde síta tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wá. Ìjọ gba agogo wọn padà. Gàrí ṣì ń jẹ́ dàyí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ èyí tó bà mí lẹ́rù. Wọ́n ní okùn tín-ín-rín tó wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀ ló fà á mọ́lẹ̀, pé olóòlà kan wà ní Ojú Òrè tó mọ̀ ọ́n gé, pé kì í pẹ́.

“Wọ́n se é fún àbúrò ọkọ rẹ,” wọ́n ní. “Wò ó lónìí. Ta ló lè pa á lẹ́nu mọ́?”

Mo wo ojú àna yín. Ó wo ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni, n kò sì dá a lẹ́bi. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí n gbé e dé ọsibítù ìjọba ní Ọ̀tà.

Ẹ ò ní dá ọsibítù mọ̀ mọ́ bí ẹ bá rí i lóde òní. Òwú tí wọ́n fi ń nu ojú egbò, aláìsàn ló ń gbé e wá láti ilé. Àmọ́ nọ́ọ̀sì tó gbà wá jẹ́ àgbà obìnrin tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní kí n mú Babátúndé kọjú sí ògiri, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ta ló fẹ́ bisikíìtì?” Babátúndé yí padà kíá, ó na ọwọ́. Nọ́ọ̀sì ní etí nìyẹn, kò sí ohun tó ṣe é. Ó bi mí bóyá bisikíìtì wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ tèmi, kò lè ṣàì ní èrún bisikíìtì nísàlẹ̀ báàgì. Ó fi díẹ̀ sí ètè òkè ọmọ náà. Ahọ́n Babátúndé jáde, ó lá a mọ́ tónítóní, ó tún ń wá òmíràn lọ sí ọ̀nà imú.

“Ahọ́n tó gùn tó báyìí,” nọ́ọ̀sì ní, “kí lẹ fẹ́ gé nínú rẹ̀?”

Ó ní àwọn ọmọ kan máa ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ ibi tó yẹ kí ahọ́n kàn. Ó ní kí a má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kí a má sì lù ú nítorí rẹ̀. “Bó bá ní tẹ̀tẹ́, ẹ dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kẹ̀kẹ́ ni, kẹ̀kẹ́ ńlá. Ẹ jẹ́ kó máa gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Kí ẹ sì máa dúró dè é.” Ó ní bó bá tó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ tí kò bá tíì yí, kí n gbé e padà wá.

Kí ẹ sì máa dúró dè é. Mo rántí àkísà yín, Bàbá mi.

Kò rọrùn láti dúró. Ẹni tó ti wà lórí ìdúró nídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀, ara rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ tó ń fà. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ní ká jókòó sílé, mo wà nínú balùwẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ọṣẹ bò mí lójú, atẹ́gùn sì ń ṣí páánù òrùlé sókè sódò. Mo gbọ́ ohùn Babátúndé láti ẹnu ilẹ̀kùn wa. Ó jìnnà. N kò gbọ́ lẹ́tà kan nínú ohun tó sọ. Ìró rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́, bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo sì dáhùn pé, “Mo ti gbọ́! Mò ń bọ̀!” Mo da omi sára, mo ró ìró, mo sáré lọ kó aṣọ lórí okùn. Bí mo ṣe wọlé báyìí ni òjò dé. Inú yàrá ni mo dúró sí, aṣọ kún ọwọ́ mi, tí mo wá bi ara mi pé, ta ló sọ fún mi pé òjò ń bọ̀?

Òun ni. Mo ní kó tún un sọ. “Òjò ń bọ̀, ẹ wá tó asọ o!” Mo jókòó, mo tún ní kó sọ ọ́, mo tẹ́tí sí i. Lẹ́tà rẹ̀ lè wọ́, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò yẹ̀ rárá. Dàyí rẹ̀, ohùn gàrí ló fi ń pè é. Tẹ̀tẹ́ rẹ̀, ohùn kẹ̀kẹ́ ni. Ẹ sì mọ̀ pé ní èdè wa, ẹni tó bá ṣi ohùn pè, ọkọ́ lè di ọkọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọmọ mi kì í ṣi ohùn pè. Àwa ni a kò gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fetí sí bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, mo sì rí i pé ó pẹ́ tó ti ń ròyìn ayé fún wa: pé omi inú ike ti fẹ́ tán, pé ológbò ti bímọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì Ìyá Ṣèyí, pé òun kí bàbá òun káàbọ̀ lánàá, wọn ò sì dá òun lóhùn.

Mo sọ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn fún àna yín. Láti ìgbà náà, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́, tí á gbé etí rẹ̀ sí ẹnu ọmọ náà.

Ìyá Ọ̀yọ́ gbọ́ gbogbo àlàyé mi. Wọ́n gbọn orí. “Ohùn orin kọ́ ni wọ́n fi ń ra nǹkan lọ́jà, ìyàwó,” wọ́n ní. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kan tí mo ṣe iṣẹ́ àárọ̀, bí mo ṣe ń bọ̀ nílé, Ìyá Ṣèyí sáré pàdé mi ní ojú ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín.

“Ìyá Túndé, Ìyá Ọ̀yọ́ ti gbé e jáde o. Mo bi wọ́n pé níbo, wọ́n ní Ojú Òrè. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró dè yín, wọn ò gbà.”

N kò wọlé. Mo yí padà, mo sáré dé títì, mo kó sínú bọ́ọ̀sì tí mo kọ́kọ́ rí. Bàbá mi, ojú ọ̀nà yẹn kò gùn rí bó ṣe gùn lọ́jọ́ náà. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá ara mi ò yá. Ọ̀bẹ nìkan ni mò ń rí. Mò ń ronú pé bí wọ́n bá ti gé e, bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá ńkọ́? Bí ẹ̀rù bá bà á tí kò bá tún fẹ́ la ẹnu mọ́ láéláé ńkọ́?

Mo bọ́ sílẹ̀ ní Ojú Òrè, n kò sì mọ ilé olóòlà náà. Mò ń wá ẹni tí n ó bi, ni mo bá rí wọn. Ìyá Ọ̀yọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lẹ táyà, Babátúndé wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Mo já a gbà. Mo la ẹnu rẹ̀, mo wo abẹ́ ahọ́n. Ẹ̀pà ló kún ibẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀pà nìkan.

“Ìyàwó, jókòó,” Ìyá Ọ̀yọ́ ní.

N kò fẹ́ jókòó. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi ní ọjọ́ náà, ẹ ò kọ́ mi ní irú rẹ̀. Àmọ́ mo rí ọwọ́ wọn. Ó ṣì di etí ẹ̀wù ọmọ náà mú. Mo jókòó.

“Ọkùnrin náà ti fọ ọ̀bẹ,” wọ́n ní. “Ó ti tẹ́ ẹní. Mo gbé ọkọ mi lé ẹsẹ̀, mo di orí rẹ̀ mú. Ó ní kó la ẹnu, ó la ẹnu. Ìgbà tó wá rí ọ̀bẹ, ó pa ẹnu dé. Mo sọ pé yóò ké. Kò ké. Ó wo ojú olóòlà, ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́, Baba, ẹ má dé e. Mò ń fi sọ̀yọ̀ ni.’”

Ẹni tó ń lẹ táyà náà ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń gbọ́.

“Olóòlà bi mí pé kí ló wí,” wọ́n ní. “Mo fẹ́ sọ pé kò wí nǹkan kan, ariwo ọmọdé ni. Ìyàwó, ẹnu mi kọ̀. Mo ti gbọ́ ọ. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọkùnrin náà. Mo ní, ó ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má gé e, ó ní òun fi ń sọ̀rọ̀ ni.”

“Kí ni olóòlà wá sọ?” ẹni tó ń lẹ táyà ló bèèrè, kì í ṣe èmi.

“Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, ‘Ìyá, ọmọ tó mọ ohun tí ahọ́n wà fún, kí ni kí n se fún un? Ẹ gbé e lọ sílé.’” Wọ́n fi etí ìró nu ojú. “Ó bẹ̀ ẹ́ dáadáa, ìyàwó. Ó pè é ní Baba. Ó ní ẹ jọ̀ọ́.”

Bàbá mi, ẹ gbà mí, kí ni kí ọmọ ṣe ní irú àkókò bẹ́ẹ̀? Inú ń bí mi débi pé mo lè fọ́ bẹ́ǹṣì yẹn. Orí mi sì ń wú débi pé mo lè máa jó lójú títì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, tí gbogbo ilé ń sọ pé kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, òun ló ro ẹjọ́ ahọ́n ara rẹ̀ níwájú ọ̀bẹ, tó sì jàre. Kò ta, kò janu, kò pariwo. Ó fi ìwà pẹ̀lẹ́ gbà á. Mo wo Ìyá Ọ̀yọ́, arúgbó tó ti Ọ̀yọ́ rin ìrìn tó jìn nítorí ìfẹ́ ọmọ ọmọ wọn, tí ìfẹ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣi ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù oní-táyà yẹn.

“Ìyá,” mo ní, “ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ ọ.”

Wọ́n gbé mi dìde. A wọ bọ́ọ̀sì padà sílé, Babátúndé sì sọ̀rọ̀ láti ìdúró ọkọ̀ títí dé Jójú, ẹnikẹ́ni nínú wa kò dá a dúró.

Nígbà tí àna yín gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn méjì péré, n kò sì mọ ohun tó sọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ gígé kò jẹyọ mọ́. Ìyá Ọ̀yọ́ wá di ògbufọ̀ ilé. Bí ẹnì kan bá bèèrè pé kí ni ọmọ yìí wí, wọ́n á ti dáhùn kó tó dé ọ̀dọ̀ mi: “Ó ní ẹ kú isẹ́. Sé ẹ ò gbọ́ ni?” Ìyá Ṣèyí fúnra rẹ̀ dẹ́kun ẹ̀fẹ̀ yẹn. Ó ní òun kò ní fi ẹni tó borí olóòlà ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí Ìyá Ọ̀yọ́ sì ń padà lọ sílé, ní ibùdókọ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ìtàn náà fún dẹ́rẹ́bà, fún àwọn èrò, fún obìnrin tó ń ta omi. Kí ọkọ̀ tó gbéra, olóòlà ti di mẹ́ta, ọ̀bẹ sì ti di àdá.

Lẹ́tà ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí a wà ní Ìyànà Ìyesí, tí mo mú un lọ́wọ́ ká lè sọdá títì, ó nawọ́ sí mọ́tò ńlá kan, ó ní, “Màmá, ọkọ̀!” Ọkọ̀, Bàbá mi, kì í ṣe ọtọ̀. Òun pàápàá gbọ́ ọ. Ó dúró, ó wò mí, ó tún un pè. Ohun gbogbo tó kọjá lọ́jọ́ náà ló di ọkọ̀: bọ́ọ̀sì, kẹ̀kẹ́, ewúrẹ́. Mo jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ́ ọkọ̀. Ìdùnnú tó wà lójú rẹ̀, n kò lè fi àtúnṣe bà á jẹ́.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí tó ya gbogbo wa lẹ́nu. Nígbà tó ti rí lẹ́tà tuntun yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí ibi gbogbo, bí ẹni tó ra ata tuntun. Táyà di káyà. Tòmátì di kòmákì. Orúkọ tó ń pè gaara láti ilẹ̀ wá, kò yọ òun náà sílẹ̀. Bí ẹ bá bi í léèrè lónìí pé kí ni orúkọ rẹ̀, á fi àyà síwájú, á ní, “Babákúndé!” Àna yín ní kí a máa kí ara wa kú oríire, a ti sin Túndé, a ti rí Kúndé. Yóò tún yí padà. N kò bẹ̀rù mọ́. Mo ti rí ibi tí ẹnu yẹn gbé e dé kó tó mọ lẹ́tà kankan pè.

Ní ọjọ́ Àjíǹde tó kọjá, mo gbé e wá sí Abẹ́òkúta. Ẹ ti mọ̀, bóyá. Àwọn ará ilé pọ̀, wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n ń ní kó pe èyí, kó pe tọ̀hún. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó yọ́ jáde. Ìgbà tí mo wá a lọ, ẹ̀gbẹ́ ibojì yín ni mo ti bá a, níwájú ilé, ó lóṣòó, ó gbé ọwọ́ lé sìmẹ́ńtì, ó ń sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́ sókè. Ọ̀rọ̀ gígùn ni. Ó ń dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ èsì, á tún máa bá a lọ. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo lè sún mọ́ ọn kí n fetí sí i. Etí mi ti mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

N kò sún mọ́ ọn. Ẹ̀yin ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo padà sínú ilé, mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má pè é, ó ń bá àgbà sọ̀rọ̀, kí wọ́n jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ọmọbìnrin yín tí ẹ̀yin àti ọmọ yìí ń mú orí rẹ̀ wú,
Ìyá Babátúndé.